Ọ̀nà tí Iná Ń Gbà Padà

Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Mo tètè sọ èyí nítorí pé kò ní hàn nínú ohun tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, bí mo bá rántí dáadáa, ní fúláàtì wa ní Jakande. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Iná wà lọ́dọ̀ gbogbo aládùúgbò, àfi lọ́dọ̀ wa. Abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tí ìyá mi yóò lò fún odindi oṣù wà nínú fíríìjì, ooru sì lè bà á jẹ́. Ìyá mi jókòó ti fíríìjì náà, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Mo lọ sí ìdí mítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi tẹ́sítà kan wáyà. Tẹ́sítà tàn.

Mo ní, "Iná wà."

Ìyá mi ní, "Níbo?"

Mo ṣàlàyé fún un pé ìṣàn iná dà bí omi nínú páìpù. Ó ní kí n bu díẹ̀ wá fún fíríìjì.

Mo lọ pe oníṣẹ́ iná tó ń gbé ìsàlẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ló ti ń bọ̀: ó wọ sùtánà, kò sì wọ bàtà. Ó wo tẹ́sítà mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, iná ti wọlé, kò rí ọ̀nà padà ni. Wáyà kan ń mú un wá, ìkejì ń mú un lọ. Èyí tó ń mú un lọ ti já. Bí kò bá ti lè yípo, kò ní rìn rárá."

Ó nawọ́ sí wáyà tó já náà. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, ẹ̀kọ́ mi sì padà dé lẹ́ẹ̀kan náà: bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ ni iná yóò gbà lọ sínú ilẹ̀. Orí òpó níta nìkan ni wọ́n sì ti lè pa iná ibẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà."

"Pẹ̀lú sùtánà? Èèwọ̀ ni."

"Ẹ bọ́ sùtánà, kí ẹ tó wọ̀ ọ́."

"Níwájú Àlájà, ìyá yín? Ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Ìyá mi kígbe láti inú ilé, "Wòlíì, ẹ bọ́ ọ! Ọmọ márùn-ún ni mo bí, kí ni mi ò tíì rí?"

Kò bọ́ ọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ mi ti ọjọ́ náà sọ pé: "Mo gbé àga wá. Ó dúró lé e. Iná dé." Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo rántí pé orí ìdúró ni ìyá mi wà nígbà tí fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bẹ́ẹ̀ orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó fẹ́ dúró. Àga rọ́bà kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa, ìyá mi ló sì máa ń jókòó lé e. Ẹlẹ́sẹ̀ irin ni gbogbo ìyókù.

Mo bi í léèrè ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"O gbé àga wá lóòótọ́," ó ní. "Àga irin. Mo ní, ṣé o fẹ́ pa Wòlíì ni? Mo dìde, mo fún un ní tèmi."

Mo padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ náà, mo tún un kà. Kò sí irọ́ níbẹ̀. N kò kàn mẹ́nu kan ẹsẹ̀ àga ni.