Ewé Oníìrì Inú Àmù

"Rọra mí o! Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ lọ ni?"

Bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń kìlọ̀ fún mi nìyẹn tí mo bá ti lóṣòó sídìí àmù rẹ̀ láàárọ̀. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé á ti máa fun fèrè lọ sí Ṣàngó, òórùn ọṣẹ láti ilé iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé wa á ti gba gbogbo àgbàlá, àmọ́ ìdí àmù yẹn ni ìyá àgbà máa ń kọ́kọ́ lọ tó bá ti kírun àárọ̀ tán. Omi mímu kọ́ ló wà nínú àmù náà. Yanrìn tútù ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ri ike jíjìn kan mọ́ àárín rẹ̀. Inú ike yẹn ni ewé oníìrì wà: ewéko pupa tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, tí irun wínníwínní ara rẹ̀ ń dán bíi pé ìrì sẹ̀ sí i. Ìrì kọ́ o. Oje tó ń lẹ̀ ni. Kantíkantí tó bá bà lé e ti dèrò ọ̀run.

Àbúrò màmá mi, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ìyá àgbà, ló kó wọn wálé. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló ń kọ́ ní yunifásítì, olùkọ́ rẹ̀ kan ló sì fún un. Ó tò wọ́n sójú fèrèsé nínú àwọn àwo pẹrẹsẹ, ó ń sọ fún gbogbo wa pé òru máa ń tutù níbi tí wọ́n ti wá, pé ooru Ọ̀tà lè pa wọ́n.

Màmá mi á ní, "Àwa ńkọ́? Ṣé ooru Ọ̀tà ò lè pa àwa ni?"

Àìsàn ló mú àbúrò màmá mi yìí lọ lọ́dún tó kó wọn wálé. Kò tíì gbéyàwó, kò bímọ. Nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, àwọn ewé yẹn nìkan ló ṣì lẹ́mìí.

Ìyá àgbà ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ló bá ń tọ́jú wọn bó ṣe ń tọ́jú tẹ̀tẹ̀ àti ata ẹ̀yìnkùlé: ó po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ wọn, ó ń bu omi kànga wọ́n wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tí wọ́n ń kú ní àwo kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó sórí àpótí, oúnjẹ ò wù ú jẹ. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi bọ́ wọn pa," ló ń wí ṣáá. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Nígbà tó yá, àwo kan péré tí kò tíì po ìgbẹ́ mọ́ ló ṣẹ́ kù.

Ìgbà yẹn ló wá nu ojú. Ó fa ọ̀kan tu nínú àwọn tó ti kú, ó nà án sí mi. "Wò ó! Tíńtín lókè, gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju ìka mi lọ. Inú àwo pẹrẹsẹ la wá há a mọ́." Ó ra ike jíjìn kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ike àlòkù ní Toll Gate, ó dá ihò sí ìdí rẹ̀. Ó ṣan yanrìn títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara, ó pò ó mọ́ èérún èèpo àgbọn, ó wá fi ṣíbí wú àwọn tó kù tiyẹ̀pẹ̀tiyẹ̀pẹ̀ síbẹ̀. Kò fi ìgbẹ́ adìẹ sí i mọ́. Omi òjò tó gbe sínú dúrọ́ọ̀mù lábẹ́ páànù nìkan ló ń bu sí wọn.

Ó wá ku ooru. Kí fíríìjì tó wọ ilé wa, inú àmù lomi mímu wa ti máa ń tutù.

"Tí àmù bá lè mú omi tutù," ó ní, "kí ló ní kó má lè mú ewé tutù?"

Ó ki ike bọ inú àmù, ó di yanrìn yí i ká, ó gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń yọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bu omi sí yanrìn náà lọ́sàn-án. Ní ìgbà tí páànù ń pariwo lórí wa nítorí oòrùn, tí mo bá fọwọ́ kan yanrìn yẹn, á tutù lọ́wọ́ mi.

Ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà figbe ta. Àárín àwọn ewé náà ti wú, nǹkan wínníwínní aláwọ̀ ewé ti kún ibẹ̀ bí ẹyin kòkòrò.

"Màámi, kòkòrò ló yé sí i," màmá mi sọ. "Ẹ jẹ́ n fi abẹ́rẹ́ yọ wọ́n."

"Má fọwọ́ kàn án! Àwọn tá a fọwọ́ kàn dà?"

Ó mú bútà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó ń ṣàlùwàlá, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ò kúrò lára ewé. Bó ṣe gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù, ẹ̀kán kan bọ́ sáàárín ewé, ni àwọn ẹyin náà bá ta yàà! Wọ́n fọ́n ká gbogbo orí yanrìn, ọ̀kan tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi létè.

"Ọlọ́run Ọba!" ìyá àgbà wí. Ó fi ìka yọ ti ètè mi, ó rọra gbé e padà sínú ike.

Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ti yọ ewé pupa tirẹ̀. Irúgbìn ni wọ́n. Ìyá àgbà jókòó tì wọ́n, ó sunkún, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. "Wọ́n ní kò bímọ," ló ń sọ. "Wọ́n ní ọmọ mi ò bímọ."

Ìyá àgbà náà ti lọ báyìí. Ijoko ni mo ń gbé, fíríìjì wà nínú ilé, àmù ewé náà sì wà lójúde. Àwọn aládùúgbò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú mìíràn máa ń gbé ife wá sídìí rẹ̀ láti bomi mu, wọ́n á sì bá yanrìn níbẹ̀. Tí mo bá fẹ́ ṣe wọ́n lálejò, mo máa ń rántí ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, pé kí n kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹnì kan ń jẹ kí n tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ìfẹ́ yòówù kí n ní sí i.

Mi ò rántí ojú àbúrò màmá mi dáadáa mọ́, ọmọdé ni mí nígbà tó kú. Àmọ́ tí ọyẹ́ bá ti dé, tí mo gbọn omi ọwọ́ mi sí àárín àwọn ewé, tí wọ́n ta, mo máa ń dárúkọ rẹ̀ sókè bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n lè mọ bàbá wọn.