Ọwọ́ Tí Mo Nà Lẹ́ẹ̀mejì

Bí ọmọ mi bá ń nu síléètì rẹ̀, òórùn ṣọ́ọ̀kì yẹn máa ń gbé mi padà sí kíláàsì wa ní Ìlobùú, lábẹ́ páànù gbígbóná.

Lásìkò ìṣirò, tíṣà ní kí ọmọ Ìlobùú nawọ́: méjìlá. Ọmọ Ìfọ́n: mẹ́sàn-án. Ó kọ ìpín wọn sójú pátákó: mẹ́rin sí mẹ́ta. Ó rò ó pọ̀, ó jẹ́ mọ́kànlélógún, bẹ́ẹ̀ ogún péré ni wá.

"Ta ló nawọ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Èmi ni, sà. Ìlobùú ni bàbá mi, Ìfọ́n ni ìyá mi."

"Mú ọ̀kan."

"Mi ò mú, sà."

Ó nà mí lẹ́gba. Mo fi omijé lójú gba ṣọ́ọ̀kì, mo ya òdo méjì tó wọnú ara wọn sójú pátákó, ọ̀kan fún Ìlobùú, ọ̀kan fún Ìfọ́n, mo tẹ àmì sáàárín. "Ibí ni mo wà, sà."

Nígbà tí ìjà ilẹ̀ dé sáàárín ìlú méjèèjì lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn tó mú àdá lọ́wọ́ ló ní kí n mú ọ̀kan.

Mi ò mú.