Ebè Tí Bàbá Ìyàwó Kọ

Bí ẹ bá fẹ́ ṣòkòtò tí kò ní fún yín nítan, tí kò sì ní já yín kulẹ̀ láwùjọ, Jacob télọ̀ ni kí ẹ wá lọ ní Ẹdẹ. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń jókòó sí ìdí máṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ dùn, kì í sì í jẹ́ kí aṣọ ọdún oníbàárà di aṣọ ẹ̀yìn ọdún bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń ṣe. Èèyàn dáadáa ni. Ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run kò fi sí i lára ni ìfẹ́ iṣẹ́ oko.

Ó dà bíi pé ara ìyàwó rẹ̀ ni Ọlọ́run kó tiẹ̀ náà sí. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Tèmídayọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ìlú Ara ni kó tó di olùkọ́. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wọn kò tóbi púpọ̀, síbẹ̀ obìnrin yìí ti gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro àti ilá síbẹ̀. Ó gbin ata sínú táyà ọkọ̀ àlòkù, ó gbin efinrin sínú ike ọ̀dà. Kò sí ohun tó lè gba erùpẹ̀ tí kò ní gbin nǹkan sí. Jacob a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá sùn gbàgbé lẹ́yìn ilé pẹ́nrẹ́n, ó ṣeé ṣe kí òun jí kí òun bá ilá lórí ikùn òun.

Obìnrin náà ti pín iṣẹ́ ọgbà. Òun á gbìn, òun á ro, òun á bomi rin ín, òun á kó ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ebè iṣu nìkan ni kí ọkọ òun bá òun kọ, nítorí ní ilé tí wọ́n ti tọ́ òun, ọkùnrin ní í kọ ebè. Ẹni tó bá gbọ́ ìpín yìí yóò mọ̀ pé wọn kò rẹ́ Jacob jẹ. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé, bó bá ti gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń gbá ọkọ́ mọ́ òkúta kí erùpẹ̀ lè já lára rẹ̀, inú rẹ̀ á ti bàjẹ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún yìí, ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó kọ ebè kan. Bó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èkejì, nǹkan ta á níbàdí. Kì í ṣe irọ́, ó ta á lóòótọ́. Ìyàwó rẹ̀ sáré wá, ó dì í mú, ó ní kó lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, kò sí ohun tó ń ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ibùsùn náà tutù, wọ́n gbé iyán wá bá a níbẹ̀, wọ́n sì ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Jacob wo òkè àjà, ó ní ẹ̀yìn náà ṣì ń ro òun.

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, irọ́ kì í sì í dá gbé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn tún ń ro ó. Bó bá wà nílé, á tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́. Bó bá ti yà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, á nà tàn-án. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé ìjókòó ìdí máṣíìnì kò ní pa á lára, ó fèsì pé ìjókòó gan-an ni ẹ̀yìn òun fẹ́, bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni kò fẹ́. Obìnrin náà gbà á gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ojú ti kọ́kọ́ tì í. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a máa gbé omi gbígbóná wá, a máa fi rọ́ọ̀bù ra ẹ̀yìn náà fún un, àtẹ́lẹwọ́ tó fi ń ra á sì ti le koko, nítorí òun ló ti ń kọ ebè náà fúnra rẹ̀.

Ní ìpàdé àdúrà, ó dìde, ó ní kí ìjọ bá òun bẹ Ọlọ́run fún ọkọ òun. Pásítọ̀ ní kí Jacob bọ́ síwájú. Ó bọ́ síwájú, ó fọwọ́ ti ìbàdí, àwọn àgbà ìjọ gbọ́wọ́ lé e. Ká ní ó sọ lọ́jọ́ náà pé òun ti rí ìwòsàn, wàhálà ìbá ti tán, ìjọ ìbá sì yọ̀. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n ó rántí iye ebè tó kù lẹ́yìn ilé, ó ṣe Àmín, ó sì ń tiro padà sí ìjókòó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan bàbá ìyàwó. Bàbá Ọládòṣù ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ń roko ní Ara títí di òní. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ẹni, á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ sí oko bàbá ìyàwó, wọ́n á ro ó, wọ́n á kọ ebè sí i, wọ́n á jẹun, wọ́n á túká. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Jacob ń fẹ́ Tèmídayọ̀, bàbá yìí ní abẹ́rẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, kó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀, kó ṣáà tọ́jú ọmọ òun. Jacob dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ náà, kò kọ ebè kan ṣoṣo fún àna rẹ̀ rí.

Ní Sátidé kan báyìí, Jacob lọ gba orí máṣíìnì rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a tún un ṣe. Irin ni, ó wúwo, ẹ̀yìn tó bá ń roni kò lè gbé e. Ọlọ́kadà já a sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó rò pé ìyàwó òun ti lọ sọ́jà, ni ó bá gbé irin náà lé èjìká, ó ń kọrin lọ sílé. Ó gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn ilé, ọkọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ wo ẹni tó jẹ́.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó fi kọ́ ara igi ìbẹ́pẹ, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, ebè sì ti tò lọ bẹẹrẹ. Tèmídayọ̀ ń gbé agbọ̀n ìgbẹ́ adìẹ tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rí Jacob, ó nà ṣánṣán, ó gbé irin léjìká.

Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Jacob fẹ́ sá, ó fẹ́ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, kò sí èyí tó ṣeé ṣe mọ́. Ó gbé ẹrù náà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ tútù.

"Ẹ dìde, Bàbá Pẹ̀lúmi," ni bàbá wí, ó fi orúkọ ọmọ pe àna rẹ̀. "Ẹ rọra o. Ẹ̀yìn tí kò yá kì í gbé irú ẹrù yẹn."

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Ó ní Tèmídayọ̀ ló pe òun lórí fóònù, tó ń sunkún pé àsìkò iṣu ń lọ, ebè kò tíì pé, ẹ̀yìn ọkọ òun kò sì sàn. Òun ní kí òun wá bá wọn tì í díẹ̀. Ó ní kí Jacob wọlé lọ sinmi. Tèmídayọ̀ wo orí máṣíìnì, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì yí padà lọ bu ìgbẹ́ adìẹ sí ebè.

Jacob sì wọlé lóòótọ́. Èyí ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Bó bá gba ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá, ó ti jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun ń pa. Bí kò bá gbà á, bàbá tó fún un lọ́mọ ni yóò máa sìn ín, ohun tí ẹnìkan kò gbọ́ rí láti Ẹdẹ títí dé Awo. Ó jókòó sí pálọ̀, ojú ń tì í débi pé kò lè tan fáànù sí ara rẹ̀. Ọkọ́ ń dún. Bó bá dákẹ́ díẹ̀, á mọ̀ pé arúgbó náà ń mí. Lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀.

Níbẹ̀ ló wà tí aládùúgbò wọn, Fàtímọ̀, ìyá Mubarakah, jáde wá sá aṣọ. Ó kí bàbá kú iṣẹ́ láti òdìkejì ògiri. Ó ní òun kò mọ ibi tí ará ilé yìí ti rí òṣìṣẹ́ tó mọ ebè kọ báyìí, òun náà ní ilẹ̀ díẹ̀ tóun fẹ́ kó bá òun kọ.

"Alágbàṣe ni mí, ìyá," ni bàbá dáhùn, ó fi ẹ̀rín sí i. "Láti Ara ni wọ́n ti pè mí wá."

Jacob gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Baálé ilé, àgbà tí gbogbo agbo ilé ń dọ̀bálẹ̀ fún, ló ń pe ara rẹ̀ ní alágbàṣe, kí aládùúgbò má baà mọ irú ẹni tí ọkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́. Jacob dìde, ó jáde síta.

"Ìyá Mubarakah, ẹ má gbà wọ́n gbọ́," ni ó wí. "Àna mi ni wọ́n, bàbá tó bí Ìyá Pẹ̀lúmi. Ẹ̀yìn kò dùn mí. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń purọ́."

Fàtímọ̀ kó aṣọ tí kò tíì sá tán, ó rọra wọlé. Ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Jacob na ọwọ́ méjèèjì sí bàbá, bàbá sì gbé ọkọ́ náà fún un, kò jiyàn. Jacob kọ ebè títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Òmíràn wọ́, òmíràn kéré bí orí adìẹ. Bàbá jókòó sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, ó ń wò ó, kò tọ́ ọ sọ́nà, kò sì yìn ín. Tèmídayọ̀ gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀. Kò pe ọkọ rẹ̀ wá jẹun.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Jacob sin bàbá dé ibi tí ọkọ̀ Ara ti ń gbé èrò. Ó dọ̀bálẹ̀ létí títì lójú gbogbo èèyàn, ó bẹ̀bẹ̀. Bàbá fà á dìde. Ó ní òun ti mọ̀ pé irọ́ ni kí òun tó kúrò nílé, nítorí ọmọ òun sọ pé ọkọ rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ láì pa ọjọ́ kan jẹ.

Jacob bi í pé bó bá ti mọ̀, kí ló wá dé tó fi dààmú ara rẹ̀ wá.

"Kì í ṣe torí ebè ni mo ṣe wá," ni bàbá wí. "Mo wá wo ẹni tí ọmọ mi ń bá gbé."

Ó wọkọ̀. Jacob fẹ́ béèrè bóyá ó ti rí ẹni náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ.

Nígbà tó padà délé, Tèmídayọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ padà sí ìdí ebè tí Jacob kọ tó ti ń wó. Kò gbójú sókè. Ó béèrè ohun tí bàbá òun sọ. Ó kù díẹ̀ kí Jacob sọ pé wọ́n ní kí òun kí i. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Wọ́n ní kì í ṣe torí ebè làwọn ṣe wá. Wọ́n ní àwọn wá wo ẹni tí ìwọ ń bá gbé ni."

Obìnrin náà gbá ebè náà jọ, ó fọwọ́ tẹ orí rẹ̀ títí ó fi dúró.

"Èmi náà ń wò ó," ni ó wí.