Ohùn Tó Ń Ti Humble Wá

Ọmọ́bọ́lá kò bìkítà fún bọ́ọ̀lù kankan nígbà tó wà ní Nàìjíríà. Ìlú Longford ní Ireland ló ti kó àìsàn bọ́ọ̀lù, níbi tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlá, tí Akin, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù Gaelic. Tọwọ́ tẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Bó bá gba òkè igi kọjá, ẹyọ kan ni. Bó bá wọ inú àwọ̀n, mẹ́ta ni. Nínú òtútù àti ẹrẹ̀, Ọmọ́bọ́lá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á máa pariwo títí ohùn rẹ̀ á fi há. Nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ kó wá sí Katy, lápá ìwọ̀ oòrùn Houston, ó wá ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù náà títí, kò rí. Ló bá sọ pálọ̀ ara rẹ̀ di ibẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń pàdé, torí aago méjì ọ̀sán ní Ireland, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó ń wá kì í ju márùn-ún, mẹ́fà lọ, gbogbo wọn ló ti gbé Ireland rí. Dọ̀tun, injinníà epo tó ń gbé ní Cinco Ranch, kì í pa á jẹ. Dèjì náà kì í pa á jẹ, ọkùnrin tó máa ń bínú sí rẹfirí bí ẹni pé wọ́n jọ jogún ilẹ̀ ni. Bí bọ́ọ̀lù bá parí, wọ́n á lọ sí ìsìn kejì, wọ́n á padà wá jẹun, wọ́n á sì wo Ilé Gíláàsì, ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ti àwọn ọ̀dọ́ mọ́nú ilé kan ní Èkó, tí ẹnì kan ń jáde lóṣooṣù. Àwọn tí kò lè wá ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn lórí Wásáàpù.

Nínú àwọn tí kò lè wá yìí, Bọ̀ọ̀dá Táyé ni olórí. Táyéwò lorúkọ rẹ̀. Longford ni òun àti Ọmọ́bọ́lá ti mọra. Ó wá ń gbé ní Humble, lápá àríwá Houston, ó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe ní pápákọ̀ tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi sì ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń le jù. Ohùn ló máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Ìlànà kan náà ló ń tẹ̀ lé nígbà gbogbo: á sọ èrò rẹ̀ nípa bọ́ọ̀lù, á bọ́ sórí òṣèlú àdúgbò, á wá fi Ilé Gíláàsì kádìí rẹ̀. Longford ló ń tì lẹ́yìn, bí wọn ò tilẹ̀ borí rí. Dublin ló kórìíra, ó ní ẹni tó bá ń borí lójoojúmọ́ ti gbàgbé ìdí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Dọ̀tun jáde du ipò nínú ìgbìmọ̀ omi àdúgbò wọn, àwọn tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ, gọ́tà àti kòtò tí àgbàrá ń wọ́ sí. Ipò kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tó wà ní òpópó Dọ̀tun ni omi ti wọ̀ rí lọ́dún 2017, àwọn ọmọ sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí òjò bá ṣú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàtà wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀ọ̀dá Táyé sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìbò.

"Ẹni tí omi ti lé jáde nílé rí ni kí ẹ dìbò fún," ohùn náà sọ. "Ẹni tí kò tíì fi abọ́ gbọ́n omi nínú yàrá ọmọ rẹ̀ rí, kí ló mọ̀ nípa gọ́tà?"

Àwọn èèyàn tari ọ̀rọ̀ náà kiri Cinco Ranch. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, ìbò mẹ́sàn-án ni Dọ̀tun fi borí.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́bọ́lá ń jẹun ọ̀sán ní yàrá ìsinmi àwọn nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tuntun kan tó ń jẹ́ Inúolúwa jókòó tì í. Ọmọ́bọ́lá fẹ́ dá a lára yá, ló bá tan ohùn tí Bọ̀ọ̀dá Táyé fi kí Dọ̀tun kú oríire. Ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹnu rẹ̀ ṣe dúró lórí oúnjẹ.

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ gba ohùn yìí?"

"Àná ni."

Inúolúwa gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní òun mọ ohùn náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún èèyàn níjòókòó níbi ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Humble ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì sì máa ń wọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó ní lójijì ni ọkàn ọkùnrin náà dáṣẹ́ sílẹ̀. "Àwa la kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀, ma. Oṣù Kẹwàá ni."

Oṣù Karùn-ún ni wọ́n wà yìí. Oòrùn ń ràn lẹ́yìn fèrèsé bí iná àgbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n òtútù mú Ọmọ́bọ́lá láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì Bọ̀ọ̀dá Táyé máa ń wọ́lẹ̀ lóòótọ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó délé, ó jókòó, ó tẹ́tí sí gbogbo ohùn tó ti wọlé láti Oṣù Kẹwàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá kíyè sí ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, ariwo ọkọ̀ òfuurufú kì í wọ́n lẹ́yìn ohùn Bọ̀ọ̀dá Táyé. Nínú ti Oṣù Kọkànlá àti Oṣù Kejìlá, kò sí ohun tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀ rárá: kò sí ọkọ̀, kò sí fáànù, kò sí mímí èèyàn. Láti Oṣù Kìíní, ọkọ̀ òfuurufú tún padà. Nínú ọ̀kan lára àwọn tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn, ó ń sọ nípa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zoe nínú Ilé Gíláàsì: "Ẹ wo èyí tí kì í bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Òun nìkan ló ń gbé ilé yẹn. Àlejò ni àwọn yòókù." Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n wo bọ́ọ̀lù bí ìṣe wọn. Ọmọ́bọ́lá kò kọ nǹkan kan sínú ẹgbẹ́. Bí bọ́ọ̀lù ṣe parí, ohùn wọlé.

"Bọ́lá, o dákẹ́ lónìí," ló sọ. "Ṣé kò sí?"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó sọ fún àwọn tó kù pé òun ń bọ̀.

Láti Katy dé Humble ju wákàtí kan lọ lórí freeway. Ibi tó ti ń wa mọ́tò lọ ni ọgbọ́n ti sọ sí i nínú: Táyéwò kì í dá wáyé. Ó rántí pé Bọ̀ọ̀dá Táyé ní Kẹ́hìndé kan ní Iléṣà, àwọn méjèèjì sì ti tó ọdún méjìlá tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀ nítorí ilé bàbá wọn. Ara rẹ̀ balẹ̀, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Àgbà ọkùnrin ló ń fi òkú ṣeré yìí. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ sí i jọ kó tó yà wọ àdúgbò náà.

Olúwatọ́mi, ọmọ Bọ̀ọ̀dá Táyé, ló ṣílẹ̀kùn. Kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní kó wọlé. Nígbà tí Ọmọ́bọ́lá rí ẹni tó jókòó sórí àga lójú fèrèsé, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Orí yẹn ni, etí yẹn ni, bí Bọ̀ọ̀dá Táyé ṣe máa ń ká ọwọ́ lérí ikùn nìyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò jọ ló fò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù Bọ̀ọ̀dá Táyé?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Èmi ni mo ni ẹnu tó ń sọ ọ́. N kò mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀."

Kẹ́hìndé rojọ́ ara rẹ̀ láìyọ ohunkóhun sílẹ̀. Wọn ò fún un ní físà kí ìsìnkú tó kọjá. Oṣù Kìíní ló tó dé. Ọmọ àbúrò rẹ̀ gbé ọ̀rá tí ọsibítù kó lé e lọ́wọ́ wá: aago, bẹ́líìtì, fóònù. Ó fi iná sí fóònù náà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé ni ti Ọmọ́bọ́lá, pé kí ni Bọ̀ọ̀dá Táyé rí sí bọ́ọ̀lù òní. Ó tẹ ibi ìgbohùnsílẹ̀ kó lè sọ fún wọn pé ẹni tó ni fóònù ti kú. Ó la ẹnu, ló bá gbọ́ tí òun ń bu ẹnu àtẹ́ lu ẹnì kan tó di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jù. Ó rò pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe òun. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gbìyànjú, ó bá ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà. Bó ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. "Èmi ni ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Èmi ni mo rán an kó lọ tọ́ ayé wò. Ó tún ti ṣáájú mi."

Ọmọ́bọ́lá ò gbà á gbọ́ bọ̀rọ̀. Ó tan bọ́ọ̀lù àárọ̀ ọjọ́ náà lórí fóònù rẹ̀, ó ní kó fi ìlà tí wọ́n ń dáàbò bò han òun. Kẹ́hìndé ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọmọ́bọ́lá bi í pé kí ló dé tí igi náà fi ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀. Obìnrin náà ti fẹ́ dìde nígbà tí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ọmọ kan bi mí léèrè nínú mọ́tò. Yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, eegun èjìká ọmọ náà ti dá. Ó ní ṣé bí mo bá fara pa, ìbejì mi á mọ̀ ọ́n lára. Mo ní ó ń mọ̀ ọ́n, kò kàn ń pè ni."

Akin lọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Bọ̀ọ̀dá Táyé ló gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, nígbà tí ámbúláǹsì ò lè kọjá. Òun, Akin àti Bọ̀ọ̀dá Táyé péré ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ́bọ́lá padà jókòó. Ọkọ̀ òfuurufú kan gba orí ilé kọjá, gíláàsì tó wà lórí tábìlì gbọ̀n.

Nígbà tó yá ló bi í ní èyí tó kù. Ó ní, àwọn ti Oṣù Kọkànlá àti Kejìlá ńkọ́?

"Iléṣà ni mo wà," Kẹ́hìndé dáhùn.

Olúwatọ́mi yíjú sí i. Ó ní inú ọ̀rá nínú dúrọ́ọ̀ ni fóònù náà wà láti ọjọ́ tí bàbá òun ti kú, bátìrì rẹ̀ sì ti kú pátápátá. Kẹ́hìndé bi Ọmọ́bọ́lá bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí òun gbọ́. Ó ní òun ò tíì tẹ èyíkéyìí lára àwọn tó ti wà ṣáájú, torí òun ò lè fara da ohùn àbúrò òun. Ohùn mẹ́jọ ti oṣù méjèèjì yẹn wà lórí fóònù Ọmọ́bọ́lá níbi tó ti dì í mú. Ó tì í bọ inú báàgì.

"Rárá sà," ló fèsì. "Kò sí nǹkan kan."

Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ fún àwọn yòókù fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Olúwatọ́mi gbé e wá sí Katy. Nígbà tó wọlé, Dèjì dìde dúró, ó sì rọra rìn sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri. Wọ́n fún un níjòókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún Ọmọ́bọ́lá. Dèjì ní àwọn ti ń bá òkú jiyàn láti ọdún tó kọjá, ó ní òun ò tún ní jẹun nínú ilé náà mọ́. Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Títí di òní yìí, kò tíì padà.

Dọ̀tun ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó ní òun máa kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, torí òkú ló bá òun polongo ìbò, ìbò mẹ́sàn-án péré sì ni.

"Ṣé irọ́ ló pa nípa gọ́tà yẹn?" Kẹ́hìndé bi í.

"Rárá sà. Kì í ṣe irọ́."

"Lọ kó gọ́tà, jàre."

Dọ̀tun ò kọ̀wé. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ó ti fi ẹjọ́ sú ìgbìmọ̀ náà títí wọ́n fi la kòtò tó dí lẹ́yìn òpópó wọn. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án, omi dé ojú títì, ó dúró níbẹ̀, ó sì fà.

Láti ọjọ́ tí Kẹ́hìndé ti jẹ́wọ́, ohùn kankan ò wá láti Humble mọ́. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń wá, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, tó bá rí ẹni gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ bọ́ọ̀lù. Dublin ló yàn láàyò. Ó ní òun ò rí ohun tó dáa lára Zoe, ọmọ tó ń jókòó bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀, ó sì ní gbogbo olóṣèlú àdúgbò ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ lọ́dọọdún bí abẹ́ ìfárí. Àwọn tó mọ àbúrò rẹ̀ máa ń wojú ara wọn, wọ́n á ní abájọ táwọn méjèèjì fi jà fún ọdún méjìlá.

Akin nìkan, tí kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ni Ọmọ́bọ́lá sọ ọ̀rọ̀ ohùn mẹ́jọ náà fún. Akin kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lórí fóònù, lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kó fi ọ̀kan ránṣẹ́ kí òun gbọ́. Ìyá rẹ̀ kọ̀.

Nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n lọ sí ibi sàréè náà ní Humble, Ọmọ́bọ́lá, Olúwatọ́mi àti Kẹ́hìndé. Ọ̀sán gangan ni. Kẹ́hìndé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Wọ́n dúró dè é. Ó tún la ẹnu.

"Kò sí ohun tó wá," ló wí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ilé bàbá wọn ní Iléṣà, yàrá tí àwọn méjèèjì jọ sùn sí, ẹ̀gbẹ́ tí Táyéwò máa ń sùn sí níbẹ̀. Ohùn ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ó kéré ju èyí tí wọ́n mọ̀ lọ. Olúwatọ́mi lọ jókòó sínú mọ́tò. Ọmọ́bọ́lá dúró tì í títí ó fi parí, ó sì fi báàgì rẹ̀ ṣíji bò ó, nítorí oòrùn ń mú.