Òdòdó Tí Kì Í Mu Omi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Otokiti pe ọ̀já ìkookò kan ṣoṣo, nínú ọ̀rá dúdú, ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Nígbà ọ̀dọ́ mi, ta ló ń ra ewé? Omi là ń rà. Tọ́rọ́ ni mẹ́ruwà ń gbà lórí garawa méjì, ìyẹn bó bá fẹ́ gbé e láti odò dé ọ̀dọ̀ wa ní Gadumo.

Kànga kan ṣoṣo ló wà nítòsí. Ti bàbá aláṣọ tó múlé tì wá ni, ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́ja. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ màmá mi. Garawa méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn.

Lọ́dún tí mo jáde yunifásítì, àsìkò ọyẹ́ ni mo dé sílé. Màmá mi ní àwọn náà fẹ́ òdòdó níwájú ilé, bíi tàwọn òyìnbó tó ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ìwẹ̀ pàápàá, ṣe la ń ṣọ́ ọ lò. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, mo ṣáà kàwé.

Mo wá àwọn tó lè fara da òùngbẹ. Mo gbin etí erin, nítorí omi kún inú ewé rẹ̀, àti ọ̀já ìkookò tó ń dúró ṣanṣan bí ọlọ́pàá. Àbámodá ò tiẹ̀ nílò kí èèyàn gbìn ín. Bí ewé rẹ̀ bá ti já bọ́, ó ti hù nìyẹn. Mo tún tọrọ ẹ̀ka òdòdó ẹlẹ́gùn-ún kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọgbà òyìnbó. Ìgbà tí koríko bá ń kú ni òun máa ń tan pupa fòò. Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ ilé, níhà ọ̀dọ̀ bàbá aláṣọ. Mo gé pèrègún méjìlá, mo ta okùn kí ìlà lè gún, mo gbìn wọ́n láti ẹ̀yìnkùlé dé títì. Ó wù mí púpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi gbé garawa òfìfo bọ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu kànga.

"Kí lo ṣe fún bàbá?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà. Òdòdó ni mo gbìn."

Wọ́n lọ wo ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n dojú garawa bolẹ̀, wọ́n jókòó lé e. "Pèrègún lo pè ní òdòdó? Bí wọ́n bá parí ẹjọ́ ilẹ̀, kí ni wọ́n ń gbìn sí ààlà?"

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá. Tẹ̀sùbáà ni wọ́n ń fà, wọn ò wojú mi.

"Akọ́wé, o kàwé dé, o wá pín ilẹ̀ fún mi."

"Ẹ má bínú, bàbá. Torí pé kì í mu omi ni mo ṣe gbìn ín."

"Mo mọ̀. Ilẹ̀ ló ń mu."

Ọmọ wọn obìnrin, tí kọ́kọ́rọ́ kànga wà lọ́wọ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín nínú ilé. Ẹ̀rín náà fẹ́ mú bàbá, wọ́n gbé e mì.

"Dìde. Lọ hú u, kí o gbìn ín yí kànga ká. Kò sẹ́ni tó ń pín kànga."

Kí oòrùn tó mú, mo ti hú méjèèjìlá, mo sì ti gbìn wọ́n yí kànga ká. Nírọ̀lẹ́, garawa mẹ́ta ni màmá mi gbé bọ̀. Bàbá ní ẹ̀kẹta, ti òdòdó ni.

Bàbá aláṣọ ti lọ. Bàbá tèmi ti lọ, màmá mi náà ti tẹ̀lé wọn. Ẹni tó fún mi ní ẹ̀ka òdòdó, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó ku èmi, àti ọmọ tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó wà ní Ìlọrin, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́dún Iléyá tó kọjá, ó pè mí, ó béèrè kànga. Mo ní wọ́n ti dí i. Ó ní pèrègún ńkọ́? Mo ní méje ló kù.