Tíì Pupa tí Kọ́ládé Ń Mu

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò nílé wa ní Ìlódè, n'Ífẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo ètè mi ti bó. Màmá mi gbé àpò gààrí kan àti ẹ̀fọ́ gbígbẹ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi se oúnjẹ fún Kọ́ládé àbúrò mi kí ara rẹ̀ lè tètè yá. Mo gbà á, mo dúpẹ́.

Kọ́ládé ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó ní tẹlifóònù nílé, ni wọ́n pè láti South Africa. Òun àti àwọn àgbà ẹbí ló pinnu pé ká má sọ fún Màmá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọ́n ní ká sọ pé ara Kọ́ládé ni kò yá, kí èmi àkọ́bí lọ sin ín, kí n wá sọ fún wọn tí mo bá padà dé.

Bàbá Ràṣídì ló fi Píjò rẹ̀ gbé mi lọ sí Èkó. Epo wọ́n lọ́dún náà. Ní Ẹdúnàbọ̀n, ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ níwájú ilé epo tí kò sí ẹni tó ń ta nǹkan kan níbẹ̀, àwọn obìnrin sì ń ta epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu. Bàbá Ràṣídì ra kẹ́ẹ̀gì kan, ó gbóòórùn rẹ̀ kó tó dà á sínú táńkì.

"Àǹtí, ta lẹ ń lọ wò lọ́hùn-ún?" ló bi mí nígbà tí a gbéra.

"Àbúrò mi ọkùnrin ni, sà."

"Ṣé òun ni wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá? Ọlọ́run á fún un lálàáfíà."

"Àmín, sà," ni mo wí, mo sì yíjú sójú fèrèsé.

Bàálù gbé mi dé Johannesburg, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cape Town. Ọ̀nà náà ń dán, kò ní ihò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ lọ súà, tí o kò ní rí ènìyàn kan. Kò sẹ́ni tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì tàbí omi. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní áńkáṣíìfù, ó sì padà sídìí ìwé tó ń kà. Tó bá jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni, gbogbo ọkọ̀ ì bá ti máa bi mí pé kí ló dé, ẹnìkan ì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá fẹ́ nínú méjèèjì.

Láti Cape Town mo tún wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Clanwilliam, ìlú kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni Kọ́ládé ń gbé, lọ́dọ̀ opó àgbàlagbà kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àǹtí Hẹ́tì. Èdè Afrikáàn ni tiwọn, ṣùgbọ́n a jọ gbọ́ òyìnbó. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n sì gbé ife tíì kan fún mi tó pupa bí omi osùn.

Nílé, ohunkóhun tí a bá fi omi gbígbóná àti mílíìkì pò, tíì là ń pè é. Mo rò pé irú èyí tó ń gba oorun lójú ni, bíi kọfí.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo wí. "Tí mo bá mu tíì lálẹ́ báyìí, mi ò ní lè sùn."

"Èyí ò ní gba oorun lójú yín," ni wọ́n dáhùn. "Kò ní kaféènì, nǹkan inú kọfí tó máa ń lé oorun. Rooibos la ń pè é. *Rooi* ni pupa, *bos* ni igi kékeré. Òun ni Kọ́ládé ń mu."

Mo mu ún. Kò korò rárá. Oyin díẹ̀ wà nínú òórùn rẹ̀, àti igi gbígbẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìròyìn náà, òun ni ohun àkọ́kọ́ tó gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá wẹ́rẹ́. Mo ní kí wọ́n bù sí i.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi. Kọ́ládé tó gboyè kẹ́mísìrì n'Ífẹ̀, iṣẹ́ ọdẹ òru ló ń ṣe, nínú ọgbà tí wọ́n ti ń sá ewé tíì yìí. Kọfí ló ń mu kó má baà sùn, títí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Dókítà ní kó jáwọ́ nínú kọfí.

"Mo wá ń se èyí fún un," ni Àǹtí Hẹ́tì wí. "Níbẹ̀rẹ̀, ó ní omi èèpo igi ni. Nígbà tó yá, fúnra rẹ̀ ló ń sè é, tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ẹ̀yin nílé mọ̀ nípa àyà òun."

A ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kọ̀wé, dáadáa ló wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ sí ọgbà náà. Ewé ọ̀hún tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé ló sì ní tí wọ́n bá gé e dé. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á lù ú, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á kó o jọ gègèrè títí di ọjọ́ kejì, ìgbà náà ló máa pọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sóòrùn. Mo dúró, mo ń wò ó. Bí a ṣe máa ń ṣe kòkó bàbá wa náà nìyẹn, tí a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè wú kí a tó sá a. Ó dájú pé Kọ́ládé rí i bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ tó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ le débi pé díígà ni wọ́n fi gbẹ́ sàréè. Àwa díẹ̀ la wà níbẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà lédè Afrikáàn, èmi sì pe Kọ́ládé ní Àjàní, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ orúkọ náà. Nígbà tí a délé, mo fi gààrí Màmá tẹ̀bà, mo fi ẹ̀fọ́ náà se ọbẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ní kí ara rẹ̀ fi yá la jẹ níbi ìsìnkú rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, Àǹtí Hẹ́tì tún gbé tíì wá. Mo gbádùn rẹ̀, ojú sì tì mí pé nǹkan lè dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo ń bọ̀, Àǹtí Hẹ́tì di ewé náà sínú àpò fún mi. "Ẹ bá mi gbé e fún ìyá yín," ni wọ́n wí.

Àwọn àgbà ẹbí ti pé sílé kí n tó dé Ìlódè. Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ṣé o sin ín dáadáa?"

"Mo sin ín dáadáa, mà."

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tẹrí ba. Màmá ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n kọ oúnjẹ, wọ́n kọ omi. Mo wá se tíì náà, mo gbé e fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò.

"Kí nìyí?"

"Ohun tí Kọ́ládé máa ń mu ni, mà."

"O ò fi ṣúgà sí i."

"Òun náà kì í fi ṣúgà sí i. Onílé rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbé ife náà lé orúnkún. "Kọ́ládé tí mo máa ń fi ṣúgà pamọ́ fún," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ó ti jáwọ́ nínú ṣúgà, èmi ò mọ̀." Wọ́n tún mu díẹ̀. "Kí ló tún kù tí mi ò mọ̀? Sọ ọ́ fún mi."

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò yẹn nìyẹn. Ikú ọmọ náà la ń fi pamọ́ fún Màmá, bí ó ṣe gbé ayé rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Mo jókòó tì wọ́n, mo sọ gbogbo ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́. Kò pọ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.