Ẹlikọ́pítà Kò Padà Wá Gbé Ìyá Àgbà

Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọkọ mi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìyàwó ti dé ilé ọkọ, kí ni mo tún ń wá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n rán sí ọkùnrin tó ṣètò ẹlikọ́pítà, etí mi ni mo fi gbọ́ gbogbo ìlérí rẹ̀, nítorí náà ẹnu mi ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ohun tó fi wá ṣe.

Ní agbolé wa ní Ita Faji, ọmọbìnrin kì í dá wọ ilé ọkọ. Ìyàwó tó pẹ́ jù lọ nínú agbolé ló máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, láti ẹnu ọ̀nà tiwa dé ẹnu ọ̀nà tiwọn. Bí wọ́n bá débẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ọkọ á dínà, wọ́n á béèrè pé, "Ta ló mú un wá?" Ìyẹn á dáhùn pé, "Èmi ni. Bó bá ṣẹ̀ yín, èmi ni kí ẹ ránṣẹ́ pè. Bí ẹ bá ṣẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí mi." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa da omi sí i lẹ́sẹ̀ kó wọlé.

Kò sí eré níbẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn ni wọ́n máa ń pè lọ́jọ́ ìjà. Ìyá Àgbà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ló dáhùn fún èmi náà. Nígbà kan tí èmi àti ọkọ mi kì í bá ara wa sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ sí i. Láti Jankara, níbi tó ti ń ta osùn àti ọṣẹ dúdú, ló ti wá tààrà. Ó bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà wa, ó jókòó, ó ní òun ò jẹ, òun ò mu, títí tí oníkálukú á fi sọ ohun tó ń dùn ún. A sọ ọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ṣì wà nílé ọkọ.

Àbúrò mi tó ń lọ sílé ọkọ yìí ni àbígbẹ̀yìn wa. Ó ṣì ń rákò nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ló sì dàgbà sí.

Ọ̀rọ̀ ẹlikọ́pítà kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Alhaja, ìyá ọkọ àbúrò mi, tó ń gbé ní Ajah, ló ní ìyàwó òun ò ní jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bàbá wa kọ̀. Ìyá Àgbà ló ní ká gbà.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe fàájì wọn. Èmi náà ò tíì fò rí. Bó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni màá kú sí, ṣebí ọ̀nà ọ̀run ti yá nìyẹn."

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní èèyàn mẹ́ta ni ẹ̀rọ máa gbé, yàtọ̀ sí ẹni tó ń wà á. Mo ní àbúrò mi, Ìyá Àgbà, àti èmi. Mo ṣàlàyé ìdí tí Ìyá Àgbà ò fi gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí gan-an. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá mi lóhùn: "Ìjókòó Màmá ti dájú, mà." Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ló ti kìlọ̀ pé ká má pẹ́ o, ẹ̀rọ wọn kì í fò mọ́ bí oòrùn bá ti wọ̀. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti so yìgì, tí àwọn àlejò ti jẹun, tí a sì ti kírun ìrọ̀lẹ́, a fẹsẹ̀ rìn jáde sí títì Adéníji Adélé níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró dè wá. A dé pápá etí ọ̀sà tí wọ́n júwe. Ẹlikọ́pítà ti wà ńlẹ̀. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kàn án lára bí ẹni ń wo ẹran ọdún, ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀ pé ká gun orí rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mo ń bá wọn jà sí. Ohun tó ń fò gbọ́dọ̀ mọ ẹrù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin náà kígbe ìwọ̀n Ìyá Àgbà síta, lójú àwọn tí ọkọ ìyàwó rán wá pàdé wa.

"Ọmọ mi," Ìyá Àgbà ní, "ṣé o ti rí oníbàárà ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí oní-fídíò tó ti jókòó sínú ẹ̀rọ, òun àti àpótí irin kan.

"Ta lèyí?"

"Madam, Alhaja ló ní kó tẹ̀ lé wọn. Fídíò wà nínú ètò."

"Ètò ta ni?"

"Ètò àwọn tó pè wá."

Mo ní kò burú, kó jókòó sí àyè tèmi. Àbúrò mi àti Ìyá Àgbà wọlé, wọ́n dì wọ́n ní bẹ́líìtì, Ìyá Àgbà di ọwọ́ àbúrò mi mú. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ọkùnrin náà lọ bá awakọ̀ ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, ó padà dé, ó ní àpótí yẹn ti mú ẹrù pọ̀ jù, ẹnì kan á sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ gbé àpótí sọ̀kalẹ̀."

"Madam, àpótí ò lè sọ̀kalẹ̀, kámẹ́rà ló wà níbẹ̀."

Oní-fídíò gan-an ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni o."

Ọkùnrin náà kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ. "Màmá, ẹ jẹ́ kí ìyàwó ṣíwájú. Wọ́n á já a sílẹ̀, wọ́n á padà wá gbé yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa jókòó bí olorì."

Àbúrò mi ní, "Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa padà?"

"Walahi, wọ́n máa padà."

Ìbúra yẹn ni Ìyá Àgbà gbọ́ tó fi tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà o. Má jẹ́ kí wọ́n da omi kí n tó dé."

Mo wo ọ̀sà. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Mo pariwo pé, "Ṣebí ẹ ní ẹ kì í fò bó bá ti wọ̀!" Wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn. Atẹ́gùn gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó sì ṣí ìborùn Ìyá Àgbà kúrò lórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irun funfun rẹ̀ mú, ó ń wo òkè.

A dúró, a dúró. Ìgbà tí mo lọ bá ọkùnrin náà, ó ní, "Madam, awakọ̀ ní ilẹ̀ ti ń ṣú." Ó mọ̀. Kó tó búra ló ti mọ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

A wọ ọkọ̀. Wọ́n ti kírun alẹ́ tán kí a tó dé Ajah. Omi ṣì wà lórí táìlì ẹnu ọ̀nà. Alhaja fi ẹ̀rín pàdé wa. "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wá wo fídíò, ó dùn ju kí n máa sọ ọ́!" Ó na fóònù sí wa.

Nínú fídíò náà, àwọn ìyàwó ilé dínà. "Ta ló mú un wá?" Àbúrò mi wẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń bọ̀." Wọ́n tún béèrè. Oní-fídíò, tí a ò rí ojú ẹ̀, ló dáhùn látẹ̀yìn kámẹ́rà: "Èmi ni o!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì da omi. Nínú gbogbo ojú tó wà níbẹ̀, ti àbúrò mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí wọ́n mú un jáde, kí wọ́n tún un béèrè. Alhaja ní, "Haba, Àǹtí! Àlejò ti ń jẹun." Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló dá mi dúró.

"Wọ́n ti dáhùn. A kì í fa ìyàwó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí wọ́n bá fà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kọ ọkọ kan nìyẹn." Kò bọ́ sálúbàtà. Láti ẹnu ọ̀nà náà ló ti ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀, tó padà sínú ọkọ̀.

Mo fi ẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ ẹlikọ́pítà náà. Wọ́n ní àwọn gbé ìyàwó dé ní àlàáfíà. Wọ́n tún ní, bó bá wù wá, àwọn á gbé Màmá lọ fi ojú wo Èkó láti òkè, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kà á fún Ìyá Àgbà. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ wò lókè? Ilẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà."

Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi pè mí, ó ń sunkún. Òun àti ọkọ rẹ̀ ò gbọ́ra wọn yé mọ́. Ó bẹ Alhaja pé kó ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà. Alhaja ní, "Ta la fẹ́ pè? Ṣé oní-fídíò?" Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Mo gba Jankara lọ. Ìyá Àgbà ń fi ewé pọ́n ọṣẹ. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ṣé wọ́n ní kí n wá?"

"Rárá, Ìyá."

Ó wo sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Bí wọ́n bá ránṣẹ́, màá lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òun ló ń kẹ́yìn gbogbo wọn. Wọ́n á ti pa tiwọn dé tán, òun á ṣì jókòó síbẹ̀, fóònù rẹ̀ á wà lórí àtẹ láàárín osùn.